Ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó lè gbẹ̀mí là

Òmùwẹ̀ ní í bódò lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí àwọn tó ní ilé ìtura lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè máa rántí nígbà tí wọ́n bá ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wẹ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti gbowó tán, ta ló ń ṣọ́ omi? Ní ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹni tó ń gbé ọtí fún oníbàárà náà ni wọ́n ní kó máa fi ojú kan wo odò.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ọmọ D'Banj, ọmọ ọdún kan, kú sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé wọn l'Ékòó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọmọ Davido tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, l'Ékòó náà ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi 300,000 èèyàn lomi pa káàkiri ayé ní ọdún 2021.

Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í sábà pariwo bí a ti ń rí i nínú fíìmù. Omi ti bo ẹnu rẹ̀, kò sí èémí tí yóò fi ké. Ẹni tó jókòó sí tòsí lè máa rò pé ó ń ṣeré ni.

Ìdí rèé tí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ omi, tí òyìnbó ń pè ní lifeguard, fi nílò ẹ̀kọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ RLSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891, kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16 ní ìwé ẹ̀rí. Olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó lúwẹ̀ẹ́ mítà 100 láìdúró, kó sì lè rì wá sí ìsàlẹ̀ odò níbi tó ti jìn jù. Ìyẹn wulẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè gbà á wọlé ni o. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń wo omi láìgbójú kúrò, bí a ṣe ń fa ẹni tó ń jà fitafita láìjẹ́ kó fa àwa náà rì, bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹni tí kò mí mọ́, tí a ó sì máa tẹ àyà rẹ̀. Bó bá di ọdún méjì, ìwé ẹ̀rí náà ti parí iṣẹ́, àfi kó tún ìdánwò ṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa, ikùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ̀, tàbí kí wọ́n dorí ọmọ kodò. Èébì tí èyí ń fà lè dí ọ̀nà ọ̀fun, àkókò tó yẹ kí a fi fún un ní atẹ́gùn sì ti ń lọ.

Ẹ wo Ògùn Waterside. Ní Ìwòpin, Makun-Omi àti àwọn abúlé etí ọ̀sà, ọmọdé ti ń tukọ̀ kó tó mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ni kò níṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ wọn àti ti Àríwá Ìjẹ̀bú kó jọ, kí wọ́n sanwó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ Red Cross lè kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Yunifásítì OOU wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Kò sí ìdí tí wọn ò fi ní dá sí i.

Àwọn onílé ìtura yóò ní owó oṣù ẹ̀ṣọ́ ti pọ̀ jù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé owó ẹ̀ṣọ́, kó gbẹ́ omi inú odò rẹ̀ dànù. Ìpínlẹ̀ Ògùn tó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2006 àti 2025, tí òmùwẹ̀ sì kópa nínú rẹ̀, lè fi í sófin pé kò sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí aráàlú ń sanwó wọ̀ tí yóò ṣí láìní ẹ̀ṣọ́ tó níwèé ẹ̀rí, okùn ìgbàlà, àti àmì tó ń fi ibi tó jìn hàn. Àsìkò ọdún ni èrò máa ń pọ̀ jù létí omi. Kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kó tó dìgbà náà.