Ajá Tí Ó Ń Já Ọmọ Lẹ́nu Ọmú Kì Í Ṣe Ìkà

Àwọn àgbà a máa wí pé, eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, òun náà ni ó fi ń bù ú jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ òwe yìí di ẹ̀sùn sí ajá lọ́rùn. Bí wọ́n bá rí ajá abiyamọ tí ó dìde kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sunkún ọmú, tàbí tí ó kùn mọ́ èyí tí ó sá tẹ̀lé e, wọn a ní ìyá burúkú ni. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń kó àwọn ọmọ náà kúrò nígbà tí wọn kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ, yóò pín wọn fún ọ̀rẹ́ tàbí kí ó tà wọ́n, yóò sì rò pé àánú ni òun ṣe. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ni pé, ajá tí ó fi ọmú du ọmọ rẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ ń ṣe iṣẹ́ abiyamọ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ó ń fún un lọ́mú, ó sì tọ́ kí a jẹ́ kí ó parí iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni ajá fi ń lóyún. Nígbà tí ó bá bímọ, ojú àwọn ọmọ náà dí, etí wọn dí, wọn kò sì lè mú ara wọn móoru. Bí ìyá bá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́, òtútù lè pa wọ́n. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ, síbẹ̀ òun ni í fi eyín já okùn ìdodo wọn, òun ni í sì fi ahọ́n lá wọn gbẹ. Ọmọ ajá tuntun kò lè tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò lè yàgbẹ́ àfi bí ìyá bá lá ikùn àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbin tí ó bá sì jáde, ìyá ni í gbé e mì kí ibùsùn wọn lè mọ́. Wàrà tí ó kọ́kọ́ sun lọ́mú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń fún wọn ní agbára tí ara òun fúnra rẹ̀ ti ní láti dojú kọ àìsàn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ìfun wọn kò lè gba agbára náà mọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ojú wọn a là; ní ọ̀sẹ̀ 3, etí wọn a ti ṣí, eyín a sì bẹ̀rẹ̀ sí hù. Níhìn-ín ni ìyípadà ti dé, nítorí eyín wẹ́wẹ́ náà mú bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ìyá kì í já wọn lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tẹ́lẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀ tì wọ́n tọ̀sán tòru. Nísinsìnyí, yóò jókòó tàbí kí ó dìde dúró, kí wọ́n na ọrùn sókè kí wọ́n tó rí mu. Láìpẹ́, yóò rìn kúrò kí wọ́n tó yó. Lẹ́yìn náà, yóò kùn, ó sì lè fi ẹnu di alágídí inú wọn mú láìdá ọgbẹ́ sí i lára. Ní àkókò yìí kan náà, àwọn ajá mìíràn a máa pọ oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ síwájú àwọn ọmọ wọn. Ohun ìríra ni èyí lójú wa, ṣùgbọ́n òun ni oúnjẹ rírọ̀ àkọ́kọ́ fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tí ì gbó. Bí ọmú ti ń dínkù ni oúnjẹ ń pọ̀ sí i, títí di ọ̀sẹ̀ 7 tàbí 8. Òótọ́ ni òwe àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé eyín náà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ìwọ̀n yìí gan-an ni ọmọ ajá ń pàdánù bí a bá tètè mú un lọ. Bí ó bá bu ọmọ ìyá rẹ̀ jẹ jù nínú eré, èyíinì a ké, a sì kọ̀ láti bá a ṣeré mọ́. Bí ó bá bu ìyá jẹ, ìyá a kùn mọ́ ọn. Èyí tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lè wá kọ́ ọ lára àwọn ọmọ wa. Ní 1965, John Paul Scott àti John L. Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ajá ní Bar Harbor ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde, wọ́n sì fi hàn pé láti ọ̀sẹ̀ 3 dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni ọmọ ajá ń kọ́ bí a ti ń bá ajá àti ènìyàn gbé. Ní England pẹ̀lú, òfin 2018 kò gba oníṣòwò ajá tí ó ní ìwé àṣẹ láyè láti ta ọmọ ajá tí kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ 8.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ìyá náà ti rù kan egungun; ẹ jẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ wọn." Èsì wa ni pé kí a bọ́ ìyá. Oúnjẹ ajá tí ń fún ọmọ lọ́mú lè di ìlọ́po 2 tàbí 3 èyí tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ 4, kí a máa fi ẹ̀kọ rírọ̀ tí a lọ ẹran tàbí ẹja sí fún àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ẹlòmíràn lè wí pé ó yẹ kí ọmọ ajá tètè mọ ènìyàn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè lọ máa bá a ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rí kan kù tí ó kan iṣẹ́ tiwa. Ní ilé ẹ̀kọ́ The Seeing Eye ní New Jersey, níbi tí a ti ń kọ́ ajá láti máa ṣe amọ̀nà afọ́jú, Emily Bray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ àwọn ìyá ajá 23 àti ọmọ wọn 98, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2017. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn kẹ́ ní àkẹ́jù ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n kùnà nínú ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tí ìyá wọn sábà máa ń jókòó tàbí dìde dúró fún wọn lọ́mú, tí wọ́n fi ní láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó mu, ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n yege.

Kì í ṣe pé kí olùkọ́ pa ọmọ tì. Olùkọ́ tí ó ń dáhùn ìbéèrè kí ọmọ tó ronú dà bí ìyá tí kò dìde rí. Èyí tí ó sì ń lé ọmọ tí kò tí ì lóye síwájú dà bí ẹni tí ó kó ọmọ ajá lọ ní ọ̀sẹ̀ 4. Ajá abiyamọ kò ṣe èkíní, kò sì ṣe èkejì: bí ó ti ń gba ọmú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi oúnjẹ rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa tí ajá bá bímọ nílé wọn, kí ó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n bọ́ ìyá dáradára, kí wọ́n sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá sì kùn mọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lù ú.