Ká Wo Táyà Ká Tó Wọ Dánfó

Ní Ìdúmọ̀tà, ojoojúmọ́ là ń rí i: agbèrò ń pe Òṣòdì, kọ́ndọ́ ń ti àpò ìrẹsì àti ìdì aṣọ sábẹ́ àga, àwa náà ń fún ara wa mọ́ ọn. Bí táyà bá bẹ́ lórí Afárá Carter, a ó ní ọ̀tá ilé ló ṣe é. Irọ́ ni! Ọ̀tá wo ló ra táyà tòkunbọ̀ tó ti dán bí orí apárí?

Awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ kó owó ojúmọ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀ kó tó rí owó oúnjẹ, ìgbà wo ló fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì? Kí ẹni tó ni ọkọ̀ yọ̀ǹda ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún bíréèkì àti táyà, kó má sì gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n àwa náà lójú. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2015. Rọ́bà ń gbó, bí kò tilẹ̀ dán. Bó bá ti gbó, ẹ má wọ̀ ọ́. Òmíràn ń bọ̀, ẹ̀mí ò sì láàrọ̀. Kí la wá ń kàwé fún, bí a kò bá lè ka ara táyà?