Ẹ Kọ Orúkọ Wọn sí Ẹ̀yìn Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ fọ́tò àtijọ́ ni, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí yín. Èrò wa ni pé kí ẹ kó wọn jáde, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú wọn sí ẹ̀yìn wọn, kí ọdún yìí tó parí.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni fọ́tò fẹ́ ṣe fún ẹni tí ó ń wá owó ilé. Ìbéèrè náà tọ́, ẹ jẹ́ kí a dáhùn rẹ̀.

Ìlú tí a wà yìí, ọmọdé ni láàárín àwọn ìlú. Ní 1975 ni ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Yorùbá, ṣe alága rẹ̀, láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Ní oṣù kejì 1976 ni òfin rẹ̀ jáde, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá 1991 ni ìjọba sì kó kúrò ní Èkó wá síhìn-ín. Àwọn Gbagyi ti ń dáko lórí ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Orúkọ Àbújá pàápàá, ti ìlú tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí ó kọ́kọ́ dé, tí wọ́n ń ta oúnjẹ àti irinṣẹ́ fún àwọn kọ́lékọ́lé, ti di arúgbó. Ìwé ìtàn wo ni orúkọ wọn wà? Láàárín 2003 sí 2007, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní kò bá àwòrán ìlú mu. Títì ti gba ibi tí ilé ẹlòmíràn wà. Bí ọmọ rẹ̀ bá béèrè pé, “Bàbá, níbo ni ẹ kọ́kọ́ gbé?”, fọ́tò nìkan ni ó kù tí yóò fi dáhùn.

Àwa ará òkè ọya sì ti pẹ́ jù Àbújá lọ. Ní 1911 ni rélùwéè dé Kánò, ọ̀pọ̀ bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú sì bá ọ̀nà náà lọ sí Kánò, Sárìá, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn lọ sí Gánà. Ẹ rántí oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde ní ìlú náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí a fún ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó ọjà àti ọmọ, ta ni yóò ka fọ́tò sí ẹrù? Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí yóò sáré di ẹrù. Ìgbà tí ara rọ̀ ni a ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àwọn tí ó tọ́jú tiwọn ti jèrè rẹ̀. Ní Benin, Olóyè Solomon Osagie Alonge ya fọ́tò Ọba àti ti àwọn ará ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1942 ni ó dá ilé fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀. A pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Washington ní 2014, ní 2017 a sì pàtẹ wọn ní Benin kí àwọn ará ìlú lè rí àwọn òbí wọn. Ní Sikọ́tílándì, láàárín 1843 sí 1847, David Octavius Hill àti Robert Adamson ya àwọn apẹja abúlé Newhaven létí òkun, àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí ń pọn agbọ̀n ẹja lọ tà ní Edinburgh. Ọlọ́jà bí tiwa ni wọ́n. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún, síbẹ̀ a ṣì mọ orúkọ àwọn kan nínú wọn, nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọ́tò ẹgbẹ́ kan wà lọ́wọ́ wa, ọkùnrin mẹ́tàlélógún ni ó jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Mẹ́fà péré ni a rí ẹni dárúkọ wọn. Àgbà tí ó mọ ìyókù ti lọ. Bí fọ́tò kò bá ní orúkọ, àwòrán aṣọ ni ó kù.

Àwọn kan ní kò dára kí a máa wo fọ́tò òkú. Ẹ gbọ́ èyí. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí i ní 1975 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ papọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó. Àwọn bàbá wa kò sá fún òkú wọn.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù àṣírí. Òótọ́ ni, fọ́tò mìíràn lè dá ìjà ilé sílẹ̀. Nítorí náà ni a fi sọ pé kí onífọ́tò fúnra rẹ̀ yan èyí tí yóò mú wá, kí ẹgbẹ́ má sì gba fọ́tò ẹnikẹ́ni pamọ́. A ó fi fóònù yà á, a ó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Yíǹkì a máa là sí iwájú. Ẹ kọ orúkọ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún, kí ẹ fi ìlú àti ọdún sí i. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù tí ó ń lẹ̀, ẹ gbé wọn jìnnà sí ikán àti omi. Àwọn aláwọ̀ mèremère ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí wọ́n ń tètè ṣá ju dúdú-òun-funfun lọ.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ kọ́ gbọ̀ngàn tí a ó gbé fọ́tò kọ́ sí. A kò lòdì sí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn lè dúró de owó. Àgbà tí ó mọ orúkọ kò lè dúró dè wá.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò relé, ó yẹ kí ó lè sọ ibi tí ó ti wà àti àwọn tí wọ́n jọ wà. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fọ́tò kan ṣoṣo wá, kí ẹ sì bá wa mú àwọn àgbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún wá. Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ wa.