Lẹ́ńsì Àtọ̀húnrìnwá àti Ọwọ́ Wa Tó Ń Gbọ̀n

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí fẹ́ ṣe wá lóore. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá owó jọ láti ra lẹ́ńsì kan fún kámẹ́rà ìwé ìròyìn wa, kí àwòrán tí à ń gbé jáde lè dára ju ti ìsinsìnyí lọ. A dúpẹ́, àpò wọn kò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ tó máa rà á jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé "ojúlówó" ni a ó rà: lẹ́ńsì Nikon fún kámẹ́rà Nikon. A kò fẹ́ Sigma, a kò fẹ́ Tamron. Èmi nìkan ni mo ta kò ó. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí n sọ tán lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ kí a rà. Lẹ́ńsì 17-50mm f/2.8 ti Sigma ni, èyí tó ní OS lára, tòkunbọ̀ tó mọ́. OS yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Òun ni ẹ̀rọ kékeré inú lẹ́ńsì tó máa ń gba ìgbọ̀n ọwọ́ ẹni tó ń ya àwòrán. Canon ń pè é ní IS, Nikon ń pè é ní VR, Tamron ń pè é ní VC, Sony ní OSS ni tòun. Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Èmi yóò máa pè é ní ìmúdúró. Ní ti àwọn lẹ́ńsì tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe fún kámẹ́rà ẹlòmíràn, lẹ́ńsì àtọ̀húnrìnwá ni mo máa ń pè wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n nínú ìgbìmọ̀ yẹn náà ni wọ́n ṣe ń wo àjèjì tó wá bèèrè ilẹ̀.

Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹni tó bá rò pé tòun kì í gbọ̀n, kí ó so lẹ́ńsì 300mm mọ́ kámẹ́rà, kí ó fi wo fìlà ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun pápá. Fìlà yẹn á máa jó. Bí lẹ́ńsì bá ṣe gùn tó ni ìgbọ̀n ṣe máa ń hàn tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ fi máa ń sọ pé bí lẹ́ńsì bá jẹ́ 200mm, kí ṣọ́tà má lọ́ra ju 1/200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bó bá jẹ́ 50mm, kí ó má lọ́ra ju 1/50. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré bíi D7200 ti ẹ̀ka wa, 50mm ń ríran bíi 75mm, nítorí náà ó sàn kí ẹ sá dé 1/80.

Nínú lẹ́ńsì tó ní ìmúdúró, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní jáírò. Òun ló ń mọ̀ bí kámẹ́rà bá fì sókè tàbí sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, òòfà oníná kan á ti dígí tó wà láàárín lẹ́ńsì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwòrán lè dúró sójú kan lórí sẹ́ńsọ̀ bí ọwọ́ tilẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ṣe èyí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà dé ìdajì tí ẹ sì fi etí sí i, nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ẹ ó gbọ́ ọ tó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò.

Sítọ́ọ̀pù ni ilé iṣẹ́ fi máa ń ka agbára rẹ̀. Bí ṣọ́tà bá lọ́ra ní ìlọ́po méjì, sítọ́ọ̀pù kan nìyẹn. Sigma ní OS inú 17-50mm yẹn tó sítọ́ọ̀pù mẹ́rin. Ìyẹn ni pé níbi tí mo ti nílò 1/80 tẹ́lẹ̀, mo lè sọ̀kalẹ̀ dé 1/5 kí àwòrán ṣì mú. Orí ìwé nìyẹn o. Lọ́wọ́ tèmi, sítọ́ọ̀pù mẹ́ta ni mo máa ń rí, bí mo bá ti jẹun.

Ẹ wá mú ìṣirò yẹn lọ sí gbọ̀ngàn wa. Ta ló ti ya àwòrán níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́? Nígbà tí iná bá lọ, tó jẹ́ gílóòbù díẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ gbé, ohun tí kámẹ́rà máa sọ fún yín ní f/2.8 àti ISO 3200 ni 1/20. Bí lẹ́ńsì yín kò bá ní ìmúdúró, ẹ ní láti gbé ṣọ́tà lọ sí 1/80, ISO á sì fò lọ sí 12800. Ní ISO 12800, ojú alága ayẹyẹ á dà bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Ẹ lọ wo àwòrán ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún tí a gbé jáde kẹ́yìn, èmi ni mo yà á, ojú sì tì mí. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a máa lo filáàṣì. Kí ẹni náà fúnra rẹ̀ dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kàwé, kí ó ta á lójú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa.

Ó kù ọ̀rọ̀ ojúlówó. N kò lè gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Canon ló kọ́kọ́ gbé lẹ́ńsì SLR tó ní ìmúdúró jáde, 75-300mm kan ní 1995. Nikon tẹ̀ lé e ní 2000 pẹ̀lú 80-400mm. Àwọn àtọ̀húnrìnwá dé lẹ́yìn wọn. Tamron kò tilẹ̀ wọlé títí di 2007, nígbà tó fi VC sínú 28-300mm rẹ̀. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, mo gbà fún ìgbìmọ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ní 2012, Canon gbé 24-70mm f/2.8 rẹ̀ kejì jáde, lẹ́ńsì tí gbogbo ayàwòrán ìgbéyàwó àti ti ìwé ìròyìn ń lé kiri. Dọ́là 2,299 ni wọ́n tà á nígbà tó jáde. Kò ní ìmúdúró. Lọ́dún yẹn kan náà, Tamron gbé tirẹ̀ jáde, 24-70mm f/2.8, ó fi VC sí i, ó sì tà á ní dọ́là 1,299. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá. Nikon kò fi VR sí tirẹ̀ títí di 2015. Canon dúró títí di 2019, nígbà tó ń ṣe lẹ́ńsì fún kámẹ́rà RF rẹ̀ tuntun. Ọdún méje gbáko! Àwọn tí à ń pè ní ojúlówó ló wá ń tọ ipa ẹsẹ̀ àlejò.

Fún irú kámẹ́rà tiwa gan-an, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ńsì Nikon tó bá 17-50mm Sigma dọ́gba ni 17-55mm f/2.8. Irin ni ara rẹ̀, ó wúwo, ó lágbára, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n kò ní VR, Nikon kò sì ṣe èyí tó ní VR nínú irú rẹ̀ fún DSLR onísẹ́ńsọ̀ kékeré rí. Kámẹ́rà wa pẹ̀lú kò ní ìmúdúró kankan nínú ara tirẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ tuntun nísọ̀, owó ti Nikon ju ìlọ́po méjì ti Sigma lọ. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ni pé kí wọ́n sanwó jù fún lẹ́ńsì tí kò ní ohun tí a nílò jù, nítorí orúkọ tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.

Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta èmi náà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo yá lẹ́ńsì onímùúdúró lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan fún alẹ́ àṣà. Wọ́n gbé oníjó bàtá wá. Èmi, tí orí mi ti wú, fi ṣọ́tà sí 1/10, mo sì ń yà lọ. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, àwọn onílù tó jókòó mú rekete, ẹ lè ka okùn ara ìlù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àga mú. Aṣọ tí wọ́n fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ mú. Oníjó ńkọ́? Èéfín. Àwòrán bí igba, n kò rí ẹyọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Ọwọ́ tèmi ni ẹ̀rọ yẹn mú dúró, kò lè mú ẹsẹ̀ oníjó dúró. Fún ijó àti bọ́ọ̀lù, ṣọ́tà tó yá ló ń ṣiṣẹ́, àfi kí ẹ wá lẹ́ńsì tí ojú rẹ̀ là sí i, bíi 50mm f/1.8. Ẹni tó sọ èyí nínú ìgbìmọ̀ sọ òótọ́, àmọ́ ẹ ka àwòrán tí a gbé jáde láàárín ọdún kan: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, ẹni tó ń gba àmì ẹ̀yẹ, ìpàtẹ ìwé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó jókòó tàbí tó dúró ni ọ̀pọ̀ wọn. Fídíò sì tún wà, níbi tí ìgbọ̀n ọwọ́ ti máa ń kó èébì bá òǹwòran. (Ẹ má gbàgbé gbohùngbohùn ọ̀tọ̀ o. Ti ara kámẹ́rà máa ń gbọ́ eṣinṣin inú ìgò yẹn ketekete.)

Àlébù kejì ni pé ilé iṣẹ́ kámẹ́rà kì í sábà fún àtọ̀húnrìnwá ní àṣírí bí kámẹ́rà ṣe ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní láti wá a fúnra wọn. Nígbà tí kámẹ́rà tuntun bá dé, lẹ́ńsì tó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè dákẹ́ lónìí. Ìdí nìyẹn tí Sigma fi ṣe USB Dock, tí Tamron sì ṣe TAP-in, kí oníbàárà lè fi kọ̀ǹpútà tún ọpọlọ lẹ́ńsì ṣe nílé. Lẹ́ńsì 17-50mm tí mò ń polówó yìí dàgbà ju Dock lọ, kò sì bá a ṣiṣẹ́. Bí a bá ra kámẹ́rà mìíràn lọ́la, ó lè di wàhálà. Ṣùgbọ́n lórí D7200 wa, mo ti yá ti ọ̀rẹ́ mi dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá mi ṣe aáwọ̀ kankan. Ta ló sì ń ra kámẹ́rà fún wa lọ́la?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kámẹ́rà aláìnídígí fún ara yín, ẹ wo ara kámẹ́rà kí ẹ tó wo lẹ́ńsì. Láti ìgbà tí Sony ti fi ìmúdúró sí abẹ́ sẹ́ńsọ̀ A7 II ní 2014, tí Canon sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú R5 àti R6 ní 2020, àwọn àtọ̀húnrìnwá ti ń yọ tiwọn kúrò nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì. 28-75mm f/2.8 tí Tamron ṣe fún Sony ní 2018 kò ní VC. Kò burú fún ẹni tó ní A7. Àmọ́ kámẹ́rà tí owó akẹ́kọ̀ọ́ ká kọ́ nìyẹn. ZV-E10, a6400, R50, R10, R100: kò sí ìmúdúró abẹ́ sẹ́ńsọ̀ nínú ìkankan. Tí ẹ bá wá so 18-50mm f/2.8 Sigma mọ́ ọn, tí òun náà kò ní OS, ọwọ́ yín nìkan ló kù. Lẹ́ńsì náà dára, ó kéré, ó fúyẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ló ní in, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń ráhùn nípa fídíò wọn. Fún Sony, 17-70mm f/2.8 Tamron ní VC. Ó tóbi, ó sì wọ́n jù ú lọ. Èmi yóò rà á bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà. Ọkùnrin kan ta lẹ́ńsì kan fún mi tí ìmúdúró rẹ̀ ti kú; ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ń kùn, mo gbọ́, mo sanwó. Ó ń kùn lóòótọ́, kò kàn mú nǹkan kan dúró ni. Ẹ fa lẹ́ńsì gùn dé òpin, ẹ fi ṣọ́tà sí 1/10, ẹ ya mẹ́wàá pẹ̀lú ìmúdúró, kí ẹ pa á, kí ẹ tún ya mẹ́wàá, kí ẹ wá sọ wọ́n di ńlá níbẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ẹ dágbére fún un.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ tún máa jókòó, aago mẹ́rin. Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi, ó máa yá mi ní 17-50mm rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ya ìgbéyàwó ní 17-55mm Nikon, òun náà sì ti ní òun ń bọ̀. A ó ti fèrèsé, a ó pa iná, alága á fọwọ́ ara rẹ̀ mú méjèèjì ní 1/20, a ó sì gbé àwòrán náà sára ògiri.