Nígbà Tí Òǹkọ̀wé Bá Wọnú Ìtàn Tirẹ̀

Kí òǹkọ̀wé fi ara rẹ̀ sínú ìtàn tó ń kọ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, bàbá arúgbó kan yọ sí ẹni tó ń kọ ìwé náà níbi tó jókòó sí, ó ní kó mú kálàmù àti bébà, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Àkàrà-oògùn ni bàbá náà. Ó ń sọ, akọ̀wé ń kọ; nígbà tó di ọjọ́ kejì, èrò ti kún ilé akọ̀wé láti gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, 1963 ni Stan Lee àti Jack Kirby ṣe irú rẹ̀ nínú Fantastic Four, ìwé ìtàn aláwòrán: Doctor Doom, ọ̀tá àwọn akọni inú ìtàn náà, já wọ ọ́fíìsì wọn, ó sì fipá mú wọn pe Reed Richards, olórí àwọn akọni náà, lórí tẹlifóònù, kí Reed lè kó sí pàkúté. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ti Fágúnwà jinlẹ̀ jù ú lọ. Nínú tirẹ̀, akọni ni ọ̀gá, akọ̀wé ni ìránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà sì ń di ìwé lójú òǹkàwé. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Sabon Gari ní Kánò, tí kò dé Òkè-Igbó, ìlú Fágúnwà, rí, lè jókòó sáàárín èrò náà kó gbọ́ ìtàn ọdẹ dópin. Nígbà tí ìtàn náà parí, bàbá pòórá. Bébà kan tí a kọ orúkọ bàbá náà sí ló kù.