Má Tíì Ra Antivirus Yẹn

Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Maiduguri lónìí, kò ní pẹ́ tí ará ilé kan yóò fi bi í pé antivirus wo ló fi sí i. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ó fo èyí tó ṣáájú rẹ̀: ta ló gbé Windows sórí ẹ̀rọ náà, ibo ló sì ti rí i? Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé kò nílò antivirus olówó. Láti 2012 tí Windows 8 ti jáde ni Microsoft ti ń fi antivirus tirẹ̀, Defender, sínú Windows láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń wá àwọn ètò amí tó máa ń ba sínú ẹ̀rọ láti jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì. AV-TEST ní Jámánì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa dán irú ètò wọ̀nyí wò, ti ń fún un ní máàkì tó ga láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti àwọn olówó gọbọi. Owó tó yẹ ní nínà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ló yẹ kó gbà.

Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ gan-an, ìyẹn ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, ni ewu sábà máa ń bá wọlé. BSA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, sọ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018 pé ìdá 80 nínú 100 ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ní 2017 ni kò ní àṣẹ. Ẹnu ọlọ́jà nìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílẹ̀ wa kò ní jiyàn púpọ̀. Irinṣẹ́ bíi KMSPico ni wọ́n fi ń tan ayédèrú Windows jẹ kó lè gbà pé wọ́n ti sanwó òun, ohun tí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí a pa antivirus. Àlejò tó ní kí a so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé lóru, kí ló ń wá? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Red Canary tú àṣírí KMSPico kan tí wọ́n ti di CryptBot mọ́ nínú, olè tó ń kó ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó crypto. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Wọ́n á ní Windows gidi wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn HP, Dell àti Lenovo tòkunbọ̀ ló ti ní àṣẹ Windows nínú bọ́ọ̀dù wọn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Bí a bá gba irú Windows kan náà lọ́dọ̀ Microsoft tí a gbé e sí i, ẹ̀rọ náà yóò dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Kí olùrà fi iṣẹ́ yìí sínú ohun tí yóò dúnàádúrà lé kó tó sanwó.

Àtakò tó le jù sí Defender ni ti iná àti dátà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021 tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ba wáyà iná ńlá tó ń bọ̀ láti Damaturu jẹ́, àwọn ará Maiduguri ti mọ jẹnẹrétọ̀ àti sólà bí ẹni mọ owó. Agogo méjì òru ni Windows yan fún ìtọ́jú ara rẹ̀, nígbà tí láptọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ ilé ti wà ní pípa. Bí a bá sì sọ fún un pé dátà fóònù là ń lò, yóò dá ọ̀pọ̀ àtúnṣe dúró kó má baà jẹ dátà. Defender tí kò rí àtúnṣe gbà fún oṣù kan kò mọ olè tó dé lánàá. Síbẹ̀, antivirus olówó náà ń jẹ dátà. Ohun tí kò gbajúmọ̀ tó ni pé Microsoft ń gbé àtúnṣe Defender sórí ojúlé rẹ̀ nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè gbà á níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, kí ó sì fi fláàṣì pín in fún àwọn ará àdúgbò. Kí wọ́n ṣáà yẹ fláàṣì náà wò kí wọ́n tó ṣí i, nítorí fláàṣì wà lára ohun tí fáírọ́ọ̀sì Conficker gùn káàkiri ayé láti ìparí 2008.

Mo gbà pé Defender ní àléébù kan tó kan ìlú yìí gan-an: ó gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì láti béèrè ohun tí kò mọ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń ṣú díẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, tí fláàṣì oníbàárà ń wọ ẹ̀rọ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sanwó fún antivirus olówó bíi Bitdefender. Èyí tí n kò fọwọ́ sí ni kíkó antivirus ọ̀fẹ́ mìíràn jọ. Antivirus ń rí ohun gbogbo tó wà lórí ẹ̀rọ, ó sì yẹ ká mọ ẹni tí a fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí Avast, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe antivirus ọ̀fẹ́, san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là nítorí ó ta àkọsílẹ̀ àwọn ojúlé tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ṣí. Ètò tó ní òun ń lé amí ló ń ṣe amí.

Ó ku ti Windows 10, tí Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Defender orí rẹ̀ ṣì ń gba àtúnṣe, àmọ́ ihò ara Windows fúnra rẹ̀ kò ní dí mọ́. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, oṣù méjì lẹ́yìn tí Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí kò lè gbé Windows 11 lè forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe ọdún kan, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Bí ìyẹn bá tán, Linux, tó lè rọ́pò Windows, ń bẹ, kò sì sí ẹni tí yóò ta ayédèrú rẹ̀ fún wa, torí ọ̀fẹ́ ni.