Góòlù Méjì Kí Eré Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí ará Amukoko bá ní òun ń lọ wo pólò, ẹ̀rín ni wọ́n á fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Pólò Ìkòyí? Ìwọ àti ta ni?" Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Súrù-Alábà, mo sọ̀ ní Marina, mo sì wá mọ́tò lọ sí Ribadu Road, níbi tí pápá ẹgbẹ́ Lagos Polo Club wà. Láti ọdún 1904 ni ẹgbẹ́ náà ti wà. Ọwọ́ òyìnbó ni wọ́n ti gba eré ọ̀hún.

Ojú bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ni mo gbé lọ síbẹ̀, ìyẹn sì ni àṣìṣe mi. Ní Ajégúnlẹ̀ wa, níbi tí Samson Siasia àti Odion Ighalo ti dàgbà, kò sí òǹwòran tí kì í ṣe kóòṣì. Ṣùgbọ́n níbi pólò, mi ò mọ orí mi ò mọ ìdí. Èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin ni, kò sí kípà. Pápá náà gùn ní 300 yáàdì, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti pápá bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí góòlù kan bá sì ti wọlé, wọ́n á pààrọ̀ ojú ilé. Mo ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́ kan kí n tó mọ̀ pé àwọn alátakò wọn ni mò ń yìn.

Ọkùnrin kan tó ń fa ẹṣin lọ ló ṣàánú mi. "Ọ̀gá, ẹ fi agẹṣin sílẹ̀, ipa bọ́ọ̀lù ni kí ẹ máa wò." Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá gbà lọ ti di ọ̀nà. Ẹni tó ń tẹ̀ lé e ló ni ọ̀nà náà. Ẹni tó bá já lu ọ̀nà yẹn níwájú rẹ̀, bí dáńfó ṣe ń já lu tírélà ní Orílé, fáòlù ni. Ìṣẹ́jú méje ni ìpele kan, tí wọ́n ń pè ní chukka, wọ́n á sì pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tó bá ní ẹṣin kan ṣoṣo, kó jókòó tì wá.

Bí eré bá dé àárín, àwọn òǹwòran á bọ́ sí pápá láti fi ẹsẹ̀ tẹ koríko tí pátákò ẹṣin hú padà sáyè rẹ̀. Àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, àwa tí a ò gùn ún la sọ̀kalẹ̀ wá tún ilẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n hándíkáàpù ló gbà mí lọ́kàn jù. Olúkúlùkù agbápólò ló ní iye tirẹ̀, láti -2 dé 10. Usman Nagogo tó jẹ Ẹ́míà Kàtsínà dé 7, kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n á ro ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹgbẹ́ kan pọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá jẹ́ 8, tí èkejì jẹ́ 5, tí eré sì jẹ́ chukka mẹ́rin, wọ́n á fi iye chukka wọn ìyàtọ̀ náà, ẹgbẹ́ tó kéré á sì ti ní góòlù méjì kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́ ná! Àwọn tó lówó ẹṣin mọ̀ pé bí agbára ò bá dọ́gba, eré ò dùn, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin láàárín ara wọn. Kí ló dé tí òfin náà kì í bá wọn jáde ní géètì? Ọmọ Amukoko tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé àti ọmọ Ìkòyí tó ní tíṣà nílé, ìdánwò JAMB kan náà ni wọ́n ń ṣe. Òdo sí òdo ni wọ́n kọ síwájú àwọn méjèèjì. Báńkì gan-an, ẹni tó ti nílé ló ń yá lówó ilé.

Nígbà tí mo padà dé àdúgbò, àwọn ọmọ ń gbá monkey post lọ́wọ́. Àwọn gìrìpá wà lápá kan, àwọn kéékèèké wà lápá kejì, òkúta méjì-méjì ni ojú ilé. Mo ní kí wọ́n fún àwọn kéékèèké ní góòlù méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu.

"Bàbá, tí wọ́n bá fẹ́ góòlù, kí wọ́n wá gbá a."